Ẹ̀jẹ̀ Ọjọ́ Ibà

Èmi ni mo ṣí kúlà náà. Ẹnikẹ́ni ò fi tipá mú mi. Òórùn tùràrí ló máa ń mú mi rántí rẹ̀.

Ọ̀kadà ni mò ń gùn nígbà náà, mo ṣì ń gùn ún, mo sì máa ń fi kúlà tó kún fún yìnyín gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn láti Omifunfun lọ fún dókítà obìnrin kan tó ń ṣèwádìí ní Ore. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ bàbá kan tó wá láti ọ̀nà jíjìn wá dáko kòkó ni mo gbé. Eégbọn ló bù wọ́n jẹ, ibà sì dá wọn dùbúlẹ̀. Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ ìyá àdúrà nílé àdúrà wa ní Odigbo, dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ gbé ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara ń ni kọjá lójú pẹpẹ ni?"

Mo gbé e wọlé sínú èéfín tùràrí. Mo ṣí ìdérí kí àdúrà lè wọ̀ ọ́ dáadáa. Ìyá mi ò fọwọ́ kan ìgò ẹ̀jẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n àdúrà náà gùn, mo sì dé Ore pẹ̀lú omi dípò yìnyín.

Dókítà tọwọ́ bọ kúlà, omi ni wọ́n bá. Mo jẹ́wọ́.

"Àbúrò, àdúrà ò nílò kí o ṣíderí."

Wọ́n ṣàlàyé pé bí àìsàn bá ń jà, ara máa ń kọ iṣẹ́ jíjẹ́ gígùn gígùn, bí ẹni kọ lẹ́tà, sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí àwọn ń wá nínú wọn kì í mú èròjà kankan jáde, síbẹ̀ ó jọ pé òun ló ń darí àwọn yòókù. Ooru sì máa ń pa á rẹ́. Nígbà tí ara bàbá náà yá, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ wọn, àmọ́ ti ọjọ́ ibà, tí wọn ì bá fi wé e, ti lọ. Ta ló lè padà lọ bu ìyẹn?

Mi ò dúró níbì kankan mọ́. Ìyá mi á dúró lẹ́bàá títì, wọ́n á nawọ́ sókè gbàdúrà bí mo ṣe ń kọjá, ìyẹn sì ń tẹ́ mi lọ́rùn.

Bàbá náà ṣì máa ń so ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà mi. "Ìwọ lo sáré gbé ẹ̀jẹ̀ mi lọ," ni wọ́n máa ń wí. "Wọ́n ní ti àkọ́kọ́ ò tó ni wọ́n ṣe tún gbà á."

Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà máa ń dùn. Gbèsè òótọ́ ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo ṣì jẹ wọ́n.