Mo Wọkọ̀ Ojú Omi Nítorí Amọ̀

Ìdájí ni mo kúrò nílé ní Lokongoma, ní Lokoja. Mo ti jí tipẹ́ kí wọ́n tó pe ìrun. Ẹ̀rù odò ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀yin ará ilé ní Kabba, ẹ mọ̀ pé àárín òkè ni wọ́n bí mi sí. Omi tó bá ti ju ti inú garawa lọ, èmi àti ẹ̀ kì í ṣeré.

Kànga ẹ̀rọ tí à ń gbẹ́ sórí ilẹ̀ mi ní Felele ló fà á. Iyanrìn ló wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ihò náà sì ti ya dí. Bọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbẹ́ ẹ, ní bó bá tún ya, òun á gbé ẹ̀rọ òun lọ. Amọ̀ pípò ni wọ́n ń dà sínú ihò kó lè di ògiri rẹ̀ mú, kó sì gbé iyanrìn jáde. Èyí tó ń ti òkè òkun wá ti wọ́n ju agbára wa lọ. Ó ní kí n lọ wá amọ̀ ní Shintaku, lódìkejì odò.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà lowó ọkọ̀. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, méjì ni mo wọ̀ lé ara wọn. Ọlọ́kọ̀ wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹja lẹ fẹ́ fún ní ọ̀kan ni?" Àdúrà ni mo ń gbà lọ ní tèmi.

Ní Shintaku, ìlú àwọn Ígálà, "Agba" ni wọ́n fi ń kíni, bí àwa ṣe ń sọ pé "Okun". Mo jẹ okpa gbígbóná, ẹ̀pà rorò tí wọ́n sè bíi mọ́ínmọ́ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n júwe ilé Ìyá Ojoma amọ̀kòkò fún mi. Ó ti ta ìkòkò ní Lokoja rí, ó gbọ́ èdè wa dáadáa. Mo nawọ́ sí amọ̀ rẹ̀ tó ń dán jù. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ó po amọ̀ náà sínú igbá, ó wọ́n iyanrìn sí i: iyanrìn rì lọ sísàlẹ̀. Ó wá bu òmíràn láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ń da èyí tí kò wúlò fún un sí, tí òjò ti ń rẹ ẹ́. Ó ní eléyìí a máa wú bí omi bá kàn án, bó bá sì gbẹ, á sán. Ìkòkò tí wọ́n bá fi mọ kì í débi iná. Ó pò ó, a fi í sílẹ̀ díẹ̀, ó dì bí ẹ̀kọ. Iyanrìn dúró sójú kan nínú rẹ̀. Ó fi igi rò ó, ó tún ń ṣàn bí ògì.

Ó ní, "Èyí tó ń ba ìkòkò mi jẹ́ ni kànga yín ń wá. Ẹ kó o, ẹ bá mi gbálẹ̀."

Àpò méjì ni mo gbé wọkọ̀. Mo dì wọ́n mú bí ẹni pé amọ̀ ló máa gbà mí bí ọkọ̀ bá dojú dé.

Bọ́lá rẹ ẹ́ mọ́jú; ibẹ̀ ni èmi náà sùn. Lọ́jọ́ kejì, ihò kọjá ibi tó ti ń ya tẹ́lẹ̀. Bọ́lá pa ẹ̀rọ fún wákàtí kan láti dán an wò. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, tí mò ń tẹ́tí sí ìró yíya. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, "Bàbá kékeré, ẹ dìde, ó ti dúró."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé, kéèyàn tó pe amọ̀ kan ní burúkú, kó kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Mo wọ kẹ̀kẹ́ délé, amọ̀ dé orókún mi. Ìyàwó mi bi mí bí odò ṣe rí.

Mo ní kó fi ti odò sílẹ̀, ihò náà dúró.