Ike Omi Mẹ́tàlá Tí Ìyá Funfun Pín

Bí ènìyàn bá fi ọkàn kan ṣe àánú, tí àánú náà wá jó ọmọ ọlọ́mọ lọ́fun, ta ni ká bi léèrè? Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Ọlọ́run lórí eékún. Mo bi àlùfáà wa náà, ó ní Ọlọ́run mọ ìdí. Èmi fúnra mi ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn rí, mo sì gbà pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí gan-an kò béèrè ìdí. Iṣẹ́ ló dìde ṣe.

Alágbàfọ̀ ni. Ìyá Funfun là ń pè é, nítorí bó bá fọ aṣọ funfun tán, tó sá a sórí okùn nínú oòrùn, ojú ò ní fẹ́ wò ó. Yàrá kìíní ló ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́rìnlá tí gbogbo wa jọ ń gbé, tí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ìtẹ̀ka rẹ̀ fún ìwé ìdánimọ̀, ẹ̀rọ wọn kò rí ìlà kankan kà lórí ìka rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀rọ yín pé mo ti fọ̀ ọ́ lọ."

Nígbà tí àrùn yẹn dé, ilé ẹ̀kọ́ tì, ọjà tì, wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé. Wọ́n ní ká máa fọwọ́, ká máa nu ìlẹ̀kùn. Àwọn tó wà nínú ilé alájà lódìkejì títì ní oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fi pa ọwọ́, àwọn ọmọ wọn sì ń sáré kiri nínú ọgbà. Ní tiwa, bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù, yàrá kan náà ni. Ìyá Funfun wo bílíìsì, omi tó fi ń sọ aṣọ di funfun, tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gbé aṣọ wá mọ́. Ó ṣa ike omi tí a ti mu tán jọ, ó rọ bílíìsì sínú mẹ́tàlá, ó sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ilé súre fún un. Àmín tèmi ló rinlẹ̀ jù.

Ní yàrá kẹsàn-án, opó kan tó jẹ́ agbálẹ̀ ọsibítù ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Àwọn ọ̀gá lè jókòó sílé. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ọsibítù ò lè jókòó. Àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ẹ̀gà là ń pe àbúrò yìí, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bí ẹyẹ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta tí a ti gba ike náà, ẹ̀gbọ́n lọ tò sórí ìlà nídìí ẹ̀rọ omi. Òùngbẹ ń gbẹ Ẹ̀gà. Ó rí ike omi nílẹ̀, irú ike tó ti ń mu omi nínú rẹ̀ látìgbà tó ti gbọ́njú. Ó gbé e sẹ́nu.

Igbe rẹ̀ la gbọ́. Lójijì igbe náà dá, dídá tó dá ló sì bà wá lẹ́rù jù.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹnì kan ti ń po iyọ̀ mọ́ omi. Bàbá Rédíò, tó ń tún rédíò ṣe ní yàrá kejìlá, ti fẹ́ ki ìka bọ ọmọ náà lọ́fun. Ìyá Funfun gbá a lọ́wọ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀."

"Màmá, kó lè bì í jáde ni."

"Ohun tó jó o nígbà tó ń lọ, ṣé ẹ tún fẹ́ kó jó o nígbà tó bá ń bọ̀? Iṣẹ́ tèmi nìyí, Bàbá Rédíò. Bó bá di ti wáyà, n ó pè yín."

Ó ṣan ẹnu ọmọ náà, ó fún un lómi díẹ̀, ó pọ̀n ọ́n. Kò sí mọ́tò lójú títì, ẹsẹ̀ la fi rìn. Ó ní kí n mú ike náà dání: "Bí wọ́n bá bi wá pé kí ló mu, a ò ní máa méfò." Mo ń gbàdúrà bí a ti ń lọ. Nígbà tí a rìn dé ìdajì ọ̀nà, mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ fún Ọlọ́run mọ́. Ìyá Funfun ń bá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gà, má dá mi lóhùn o. Jẹ́ kí ẹnu sinmi lónìí."

Ní ọsibítù, wọ́n gbé ọmọ wọlé kíá. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan mú káàdì jáde.

"Ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà níbi iṣẹ́."

"Ó fi ọmọ ọdún mẹ́rin sílẹ̀ nílé? Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀kan da omi gbígbóná sára, ọ̀kan já láti orí àtẹ̀gùn, ọ̀kan mu kẹrosíìnì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti ilé ọlọ́gbà wá. Ẹ̀yin òbí wọ̀nyí ò mójú tó ọmọ." Ohun tó sì ń kọ sínú káàdì náà nìyẹn: àìmójútó òbí.

A mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀. Ìjọba ti tìtorí ẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá kan ní àdúgbò kejì sí wa.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi," Ìyá Funfun wí, "èmi ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Èmi ni mo rọ bílíìsì sínú ike omi. Iṣẹ́ mi ni, ó yẹ kí n mọ̀. Ìyá ọmọ tí ẹ ń wí, òkè wa níbí ló wà. Ilẹ̀ tí ẹ dúró lé yìí, òun ló nù ún láàárọ̀. Bó bá jókòó ti ọmọ rẹ̀, ta ni ì bá bá yín nù ún?"

Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀ náà. "Màmá, àyè inú káàdì ò gba ìtàn."

"Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ tì. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀rọ omi kan ni yàrá mẹ́rìnlá ń pọn, pé orí ìlà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Mo ń dúró."

Ó dúró lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì yí káàdì padà, bírò ń rìn, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ ká rí ohun tó kọ. Mo ti gbọ́ ẹ̀rí púpọ̀ nínú ìjọ, tòun ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó ga tó tọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ẹ̀gà lò níbẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, tó há bíi ti àgbàlagbà, ó ní òun ò mu omi nínú ike mọ́, kọ́ọ̀bù lòun fẹ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Funfun kọjú sí ògiri.

Ó ti gba gbogbo ike náà padà kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Látìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ bílíìsì á gbé abọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Ìyá Funfun á bá a pò ó mọ́ omi, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti lò ó tán. Bàbá Rédíò ní, "Màmá, ṣé n ò lè gbé díẹ̀ wọlé ni?" Ó ní, "Ṣé ọwọ́ lẹ fẹ́ fọ̀, àbí ẹ fẹ́ gbà á lálejò?" Lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ọmọ méje tí ìyá wọn lọ síbi iṣẹ́ ń jókòó lójoojúmọ́, ó ń fọṣọ, ojú rẹ̀ wà lára wọn. Kò sí ọmọ tó tún farapa nínú ilé wa títí àrùn náà fi lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fẹ́ fi Ẹ̀gà sí ilé ẹ̀kọ́, ilé ẹ̀kọ́ sì béèrè káàdì ọsibítù. Ìyá Funfun gbé káàdì náà wá bá mi nínú àpòòwé tí ọsibítù lẹ̀ pa, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀.

"Akọ̀wé ìjọ," ó ní, "ìyá rẹ̀ lè kà á, ṣùgbọ́n ó ní òun ò fẹ́ mọ̀. Èmi fẹ́ mọ̀, mi ò sì mọ̀wé. Mo mọ ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ máa ń fẹ́ tu èèyàn nínú. Jọ̀ọ́, yí i padà, kí o ka ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi létí. Bó bá ṣófo, sọ fún mi pé ó ṣófo, ká jọ padà lọ bá wọn."