Alhaja Kò-Sí Ra Kọ̀ǹpútà

"'Kò sí háàdì díìsìkì ńbí o, Alhaja!'" Alhaja Asiata di imú mú, ó ń sín Lukman jẹ. "'Kò sí, kò sí!' Ṣé páálí òfìfo ni mo fi mọ́tò gbé wá láti Ìlọrin ni? Ìwọ lo tú u, ìwọ náà ni kó o bá mi wá nǹkan inú ẹ̀ jáde!"

Òógùn ti bo Lukman, ọmọ tó ń bá a to kọ̀ǹpútà náà. Ó ti tú kọ̀ǹpútà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ó fa wáyà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Alhaja, ẹ má sọ mí dolè. Háàdì díìsìkì ọ̀ún nìyí, ẹ fọwọ́ kàn án! Inú ẹ̀ la fẹ́ kó Windows sí, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ní òun ò rí i."

Ohun tí ò jẹ́ kí Alhaja lè jókòó ni pé Ọ̀gá Adétóyè, hẹ́dímásítà kan, ń bọ̀ lágogo mẹ́rin. Ìbéèrè ìdánwò gbogbo ilé ìwé ẹ̀ ló fẹ́ kó fún Alhaja tẹ̀, àmọ́ lọ́dún 1997 yẹn, ó ti búra pé òun ò fẹ́ taipuráítà mọ́. Bí ò bá rí kọ̀ǹpútà, ìlú Ìjàgbó tó wà nítòsí ló ń kó iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Gbogbo àwa ará ọ̀nà réluwéè la mọ̀ pé Alhaja kì í ní nǹkan kan. Taipuráítà mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, àmọ́ bí àwọn káńsù tó ń gba owó ṣọ́ọ̀bù bá dé: "Taipuráítà kẹ̀? Èmi? Ti àbúrò mi lèyí. Èyí ti kú. Èyí... ṣé èyí náà lẹ̀ ń pè ní taipuráítà?" Tọrọ iyọ̀, kò sí. Iyọ̀ ọ̀ún á sì wà létè ẹ̀. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Alhaja Kò-Sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí ìjà yìí tó bẹ̀rẹ̀, kí Lukman sì tó lọ kírun, ó ti ṣí ojú-ewé aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n ń pè ní BIOS. Ìlà mẹ́rin wà ńbẹ̀, "Auto" ló wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bá a ṣe fi í sí Auto yìí, Alhaja, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló máa wá gbogbo nǹkan tó ní, á sì sọ fún Windows. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Alhaja rò ó: á sọ fún ta? Windows tí ò tíì wọlé, kó ti máa mọ ẹrù onílé? Bí Lukman ṣe yọsẹ̀, Alhaja tẹ bọ́tìnnì kan. Auto yí padà, ó di "None". Ẹni tó ti ń tẹ òyìnbó fún ogún ọdún kúkú mọ None: kò sí. Inú ẹ̀ dùn. Ó sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di None, ó tẹ "Save", ó sì jókòó bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Bí wọ́n ṣe ń jà lórí háàdì díìsìkì yẹn lọ́wọ́ ni Ọ̀gá Adétóyè dé, fáìlì lábíyá. "Alhaja, ẹ ní kọ̀ǹpútà àbí ẹ ò ní?"

Ẹnu Alhaja ti là, "kò" ti fẹ́ jáde. Ó rí i pé hẹ́dímásítà ti ń kọjú sọ́nà Ìjàgbó.

"Mo... mo ní in, sà." Ó yíjú sí Lukman. "Lukman, padà sí ojú-ewé búlúù yẹn."

Lukman ṣí i. None, None, None, None.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ó ń bi mí ní nǹkan tí mo ní. Kí ni kí n wí fún àlejò?"

"Alhaja! BIOS kì í ṣe káńsù!"

Alhaja ti ọwọ́ Lukman kúrò. Òun fúnra ẹ̀ ló dá wọn padà sí Auto lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tú aṣọ lójú ọjà. Kọ̀ǹpútà kú, ó jí, orúkọ háàdì díìsìkì yọ gbàgàdà. Ọ̀gá Adétóyè jókòó, ó gbé fáìlì kalẹ̀.

"Bí Windows bá ti wọlé tán, pírámárì wán ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀."

Ǹ bá sọ bí Alhaja ṣe kọ́kọ́ fi ìka kan ṣoṣo ti máòsì, àmọ́ Mọ́mì tèmi ń pè mí láti ìta, ohùn wọn sì ti ń le.