Ẹ́ńjìnnì tó ń Wúkọ́ Nísàlẹ̀ Òkè

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì ga ju àmù omi ìyá àgbà mi lọ, ẹ́ńjìnnì elépo dísù kan wà létí odò nísàlẹ̀ òkè wa ní Ẹ̀fọ̀n. Òun ló ń fa omi gòkè wá sí ìlú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rẹ́rìn-ín: ó lágbára débi pé ó máa ń fa akàn mọ́ omi. Mo rí ọ̀kan tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi, tó ń wo ìyá àgbà bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kí òun.

Ọkùnrin kan ládùúgbò wa ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì náà. Ikọ́ ló pa á, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Kò pẹ́ tí a sin ín ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí wọ́n bá yí i, á dìde dáadáa. Bí omi bá dé ìdajì òkè, á máa mí gúlegúle, èéfín dúdú á bo odò, omi á sì padà sẹ́yìn nínú páìpù. Ikọ́ olóògbé gan-an ni. Àwọn tó bá a gbé mọ̀ ọ́n.

Mẹkáníìkì kan wá láti Àrámọkọ. Ó tú páìpù dísù, ó fẹnu fẹ́ ẹ, kò dí. Ó bu dísù sínú ìgò, ó gbé e sójú oòrùn, bóyá omi wọ̀ ọ́. Kò sómi níbẹ̀. Ó tọ páìpù omi dé òkè; kò jò. Ó ní ohun tó kù kì í ṣe iṣẹ́ òun. Kó tó lọ, ó so màrìwò tirẹ̀ mọ́ èyí tí àwọn àgbà ti so sára ẹ́ńjìnnì fún Ògún lọ́jọ́ ìsìnkú, nítorí irin ni, ọ̀fọ̀ sì ti ṣẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá ti rẹ ẹ́ńjìnnì náà ni wọ́n ń so òmíràn, títí ẹ́ńjìnnì fi hu irùngbọ̀n.

Ni ọ̀rọ̀ bá di ti opó tí olóògbé fi sílẹ̀. Wọ́n ní kò sin ọkọ rẹ̀ dáadáa, ìyẹn ni kò jẹ́ kí olóògbé sùn. Wọn kò kí i mọ́ lọ́nà odò. Wọ́n ní bí omi kò bá gòkè kí ọjà tó ń bọ̀ tó tú, kó dẹrù rẹ̀, kó padà sí Ìdó-Ilé tí wọ́n ti bí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sódò, gbogbo wa tẹ̀ lé e. Wọ́n yí ẹ́ńjìnnì, ikọ́ dé. Ó dúró, ó ń gbọ́ ọ, àfi bí ẹni pé wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ìdí màrìwò náà ń wọ ihò kan lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹnu ń jẹ ẹ́. Ó nawọ́ sí i.

Bàbá kan ní, "Yèyé, ohun Ògún nìyẹn o."

Ó ní, "Bó bá jẹ́ ọkọ mi ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó mí."

Ó fa màrìwò náà yọ nínú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́, ó dúdú bí irun tó jóná. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, èéfín mọ́, omi gòkè. Àwọn tó fẹ́ lé e nílùú ló kọ́kọ́ sáré gbé korobá. Òun kò bá ẹnikẹ́ni lọ. Ó jókòó ti ẹ́ńjìnnì, ìgbà yẹn ló tó sunkún, nítorí ikọ́ náà ti dákẹ́.

Lóde òní, kóńkó jabele, kálukú ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ilé rẹ̀. Agbára oòrùn ló ń fa omi, kò pariwo. Igbó ti bo ẹ́ńjìnnì náà. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń gbọ́ ikọ́ láti ìsàlẹ̀ òkè. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní ọ̀kadà ló ń gun òkè bọ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀kadà tí mo mọ̀ ló máa ń dé òkè. Èyí kò tíì dé.