Tàdáwà Ìdí Ìkòkò àti Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Dúdú

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹ̀rọ kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ ẹ̀rọ kan ní Sókótó, mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, mo sì mọ ohun tó máa ń wò láìrí. Ọ̀rẹ́ mi náà mọ̀ ọ́n. Òun ni ìyà rẹ̀ jẹ jù.

Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí jọ fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ará Ìlọrin ni bàbá mi. Aṣọ ló ń tà lọ́jà, ṣùgbọ́n kó tó lọ sí ìsọ̀ láàárọ̀, á kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú lójúde wa ní àdúgbò Runjin Sambo ní Sókótó. Èmi ni mo máa ń kọ wàláà, pátákó kéú, fún àwọn ọmọbìnrin kéékèèké. Ìyá mi ló ń ha dúdú ìdí ìkòkò, bàbá mi á pò ó mọ́ oje igi tí àwọn Hausa ń pè ní karo, ó di tàdáwà tí a fi ń kọ ọ́. Ìgò tìróò kan tó ti ṣófo ni mo ń rọ tèmi sí, òun àti kálámù ìkọ̀wé mi kì í sì í kúrò nínú àpò mi.

Bàbá mi ti bá mi sọ ọ́ láìfi bọpobọyọ̀: ìdánwò yìí, ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí mo bá yege, òun á rán mi lọ. Bí mi ò bá yege, kí n wá gba ìsọ̀ aṣọ. Mi ò kórìíra aṣọ títà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi.

Ìdánwò náà ò dà bí èyí tí a mọ̀. Kò sí kíkọ ọ̀rọ̀ rárá. Ìbéèrè wà nínú ìwé kan, ìwé ìdáhùn wà lọ́tọ̀, ó kún fún òbìrìkìtì wẹ́wẹ́, kí èèyàn kun èyí tó bá yàn. Wọ́n ní kò sí olùkọ́ tí yóò máàkì í, ẹ̀rọ ni yóò wò ó. Lókè ìwé náà gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí: pẹ́ńsùlù dúdú nìkan.

Wẹ́dà ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá ọ̀rẹ́ mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní àdúgbò Mabera. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ pẹ́ńsùlù, ó bínú. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń lo pẹ́ńsùlù, ó ní. Ohun tí ọlọ́tẹ̀ kan lè fi rọ́bà pa rẹ́, ṣé ìyẹn lèèyàn fi ń kọ ọjọ́ ọ̀la ara ẹ̀? Ó lọ ra báírò aláwọ̀ búlúù tó dára jù lọ́jà fún ọmọ rẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá ìlú yẹn, kò sẹ́ni tí kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ àgbà ló sọ.

Olùkọ́ ará Ìjẹ̀bú kan ni alámòójútó wa lọ́jọ́ náà. Ó rí báírò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó ní kó sáré máa kùn ún lọ. Ní tèmi, pẹ́ńsùlù mi ti já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ tó ṣáájú, àṣé inú rẹ̀ ti kán. Bí mo ṣe ń fi réésà gbẹ́ ẹ ni ẹnu rẹ̀ ń já, títí ó fi kúrú bí ìka ọmọ. Mo nawọ́ sókè, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí n yá ti ẹlòmíràn.

“Yíyá nǹkan ní họ́ọ̀lù, jìbìtì ni,” ó dáhùn. “Gba báírò mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé yìí ní pẹ́ńsùlù dúdú.”

“Èmi ni ìwé náà níbí! Gbà á, àbí kí o máa lọ sílé.”

Inú bí mi. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde wà níwájú mi, ọkùnrin kan sì ní òun ni ìwé. Mo dìde, mo lọ síbi tí a kó àpò wa sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo mú ìgò tìróò mi àti kálámù, mo padà wá jókòó. Ó tẹ̀ lé mi dé orí àga.

“Kí nìyẹn?”

“Tàdáwà ni, sà.”

“Haba! Tàdáwà kéú? Ìdánwò ìjọba lo fẹ́ fi tàdáwà kéú ṣe?”

“Dúdú ni wọ́n ní, sà. Èyí dúdú.”

“Ẹ̀rọ á bì í jáde.”

“Kó bì í jáde, sà. Èmi ni kí ẹ bá wí.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú mi á rí i, ó sì kọjá lọ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Bí ẹ̀kán kan bá já sílẹ̀, ìwé ti bà jẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń kọ wàláà láti kékeré kò gbọ̀n. Mo ń rọra fi ẹnu kálámù tọ́ òbìrìkìtì kọ̀ọ̀kan, ooru Sókótó sì ń gbẹ ẹ́ kí n tó gbé ọwọ́ kúrò.

Nígbà tí èsì dé, èmi yege. Ti ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n kọ pé kò dáhùn ohunkóhun. Òfo. Ó búra títí, “Wallahi, mo dáhùn gbogbo ẹ̀!” Mo jẹ́rìí sí i, torí ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Ta ló gbọ́? Bàbá rẹ̀ ní oorun ló sùn. Àwọn ará ilé ń pè é ní olódo, ó lọ kọ́ṣẹ́ irun ṣíṣe, ó sì gbé orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ yẹn kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nínú àwọn ọdún 1980 ni mo rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan nínú ìlú kan náà, níbi tí irú ẹ̀rọ yìí ti ń ka ìwé ìdánwò. Ọ̀gbẹ́ni tó wá tún un ṣe là á yé mi. Ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn kì í rí ni ẹ̀rọ náà ń tàn sórí ìwé. Ibi tí èédú bá wà á gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì, ẹ̀rọ á sì kà á. Pẹ́ńsùlù àti dúdú ìdí ìkòkò, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí báírò búlúù ti wù kó hàn sí wa tó, ìmọ́lẹ̀ yẹn á gba orí ẹ̀ kọjá bí ẹni pé ìwé funfun ni.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù irun rẹ̀ ní Mabera. Ó gbọ́ mi tán, ó gbé ìyarun sílẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà bàbá rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ lójú bàbá òun. Baba náà ti darúgbó. Ó pa iná tó fi ń jó irin.

“Èmi ni mo ra báírò yẹn,” ni gbogbo ohun tó lè sọ.

Ọ̀rẹ́ mi ò sunkún. Ó kọjú sí mi. “Àwọn tí ẹ̀rọ yín ń pè ní òfo báyìí ńkọ́?”

Lọ́jọ́ kejì mo kó gbogbo ìwé tí ẹ̀rọ ti tì sápá kan pé wọ́n ṣófo, mo gbé wọn lọ síwájú ọ̀gá wa. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i pé òfo ni wọ́n.

“Ẹ̀rọ ti wò wọ́n,” ó ní. “Ìwọ ta ni?”

“Èmi náà lójú, sà. Ẹ bá mi wo eléyìí.”

Búlúù ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Mo fa àga sún mọ́ tábìlì rẹ̀ kó lè rí ọwọ́ mi, mo mú pẹ́ńsùlù dúdú, mo sì kun orí gbogbo ibi tí ọmọ ọlọ́mọ ti kùn, n kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀. Mo ti ìwé náà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó kà á, kò fo ẹyọ kan.

Ọ̀gá wa ti àwọn ìwé tó kù sọ́dọ̀ mi. Mo na ọwọ́ mú ìwé kejì.