Ààlè Ọ̀nà Oko Yoko

Ọmọ mẹ́ta ló ti kú mọ́ ìyá mi lọ́wọ́ kó tó bí mi. Nígbà tí èmi wá dúró, ó fi mí pamọ́ bí ẹni fi ẹyin pamọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní Ṣakẹ́tẹ́ ń lọ sódò, wọ́n ń lọ sóko, wọ́n ń já bọ́ lórí igi. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà nínú ọgbà, mò ń gbọ́ àlọ́. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo mọ ilé iwin ju oko bàbá mi lọ.

Òmìnira tí a gbà lọ́wọ́ Faransé kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Àbúrò bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń gúnlẹ̀ sí ní Pobẹ̀, wá sọ pé òun fẹ́ mú ọmọ kan nínú ilé wa lọ síléèwé. Lójú ara mi, mo ti wọ aṣọ kákí, mo ti ń fọ Faransé.

Bàbá mi ní, “Èyí tí kò lè dá lọ sódò? Ó dáa. Lọ́la, kó gbé oúnjẹ àwọn tó ń kọ ebè fún mi lọ sóko Yoko. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ náà láìsí wàhálà, máa mú un lọ.”

Ìyá mi ní, “Bàbá ọmọ mi, ejò ńkọ́?”

“Ṣé ejò ò sí ní Pobẹ̀ ni?”

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, kò yà síbì kan. Mo gbé igbá ẹ̀kọ rù, inú mi ń dùn, àfi ìgbà tí mo dé ìdí igi ọsàn kan tó na ẹ̀ka bo ọ̀nà. Ìkarahun ìgbín, àkísà pupa àti ṣùkù àgbàdo, okùn kan ló so wọ́n pọ̀ mọ́ igi náà, afẹ́fẹ́ ń fì wọ́n. Nínú àlọ́ ìyá àgbà, irú rẹ̀ ló ń wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn iwin. Ẹni tó bá kọjá láìgba àṣẹ, ojú rẹ̀ á kọ ẹ̀yìn.

Mo sọ igbá kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Ẹnì kan ò dáhùn. Mo kọ orin tí ọmọ òrukàn inú àlọ́ fi ń tọrọ ọ̀nà. Ìkarahun ń fì. Oòrùn kúrò lókè orí, mo ṣì wà níbẹ̀.

Ebi ló lé àwọn alágbàṣe wá bá mi.

“Ọmọ yìí, ta lò ń kí?”

Mo nawọ́ sókè. Ọkùnrin tó béèrè náà wòkè, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ààlè lèyí! Bàbá rẹ ló so ó kọ́ kí olè má baà ká ọsàn rẹ̀. Àbí o fẹ́ jalè ni?”

Èkejì ní, “Jẹ́ kó parí àdúrà rẹ̀, bóyá iwin á fi ẹran sí ẹ̀kọ wa.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agbolé ti gbọ́. Bí àwọn ọmọdé bá rí aṣọ lórí okùn, wọ́n á kúnlẹ̀: “Iwin, ẹ kúulé o!” Àbúrò bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní ọmọ tó ń bẹ̀rù ìkarahun ìgbín, kí ni yóò ṣe níwájú olùkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mìíràn nínú agbolé ló mú lọ, ẹni tí mo fi ọdún kan jù, tó ti jí ọsàn ká lábẹ́ ààlè yẹn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti dìyá ọlọ́mọ báyìí, inú ṣì ń bí mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lọ, ìyá mi gúnyán fún mi, ó fi ẹran kún un. “Jẹun, ọmọ mi. O ò lọ ibì kankan mọ́.” Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè fi pamọ́. Mo ti àwo náà padà síwájú rẹ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rí.