Dókítà Tí Kì Í Dáhùn Okun

Nígbà tí Dókítà Bámigbóyè ti Jámánì dé, tó ṣí ilé ìwòsàn kékeré sí Kàbà, èmi Rónkẹ́ ni nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó gbà. Ọmọ àgbẹ̀ Odò-Apé ni Dókítà. Ó kàwé dé góńgó, ọwọ́ rẹ̀ sì ń tu aláìsàn lára. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ẹ lè kí i ní "Okun o" títí ẹnu yín á fi bó, kò ní dáhùn. Nílẹ̀ wa níbí, tó jẹ́ pé Okun là ń fi kí èèyàn, òun náà là ń fi dáhùn! Inú bí mi títí, mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní àgbẹ̀ kan láti Amuro lòun kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òun gbé ẹ̀rọ lé e láyà, kí òun gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ni ohùn kan bá kí òun láti inú àyà náà: "Okun o." Bẹ́ẹ̀ ẹnu bàbá náà pa dé. Bàbá náà kú kí ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e tó pé. Ẹni tí ohùn náà bá ti àyà rẹ̀ kí òun kì í pẹ́ láyé mọ́.

"Mi ò dá a lóhùn rí, Rónkẹ́. Nísinsìnyí, tí èèyàn bá kí mi lójú títì, mi ò mọ ẹni tó ń kí mi."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ orí mi wú.

Ìgbà tó yá, ikọ́ gbé Juliet ṣánlẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Dókítà bí, tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́. Oògùn kò ràn án. Bàbá rẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ gbọ́ àyà rẹ̀. Nígbà tí èémí ọmọ náà fẹ́ẹ̀ pin, ó mú ẹ̀rọ. Èmi ni mo di Juliet mú. Ojú Dókítà yí padà. Lẹ́yìn náà ó tẹrí ba, bí ọmọdé tí ń dá àgbà lóhùn, ó ní, "Okun."

Òógùn bo Juliet, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ la ọjà Kàbà kọjá, ó ń dá gbogbo èèyàn lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Inú mi dùn gan-an. Lọ́sàn-án, ó jókòó sórí àga rẹ̀, kò dìde mọ́.

Juliet ni dókítà wa báyìí. Ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ ló ń lò. Láàárọ̀ yìí mo kí i: "Okun o, Dókítà."

Ó kọjá lára mi, kò dáhùn. Inú kò bí mi lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀rù ló bà mí.